CAC, owó orí, tíkẹ́ẹ̀tì káńsù: èwo ni èwo fún oníṣòwò kékeré lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀kun, ìpínlẹ̀ Kogi?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí ọdún 2026 ti wọlé, kò sí ṣọ́ọ̀bù téèyàn máa jókòó sí ní Kabba, ní Ìyàrá, ní Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ tí wọn ò ní dá ọ̀rọ̀ owó orí sílẹ̀. Ẹni kan á ní òun gbọ́ pé tóo bá ti ní CAC, ìyẹn sátífíkéètì ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́, ìjọba ti rí ẹ nìyẹn, wọ́n á máa yọ 25% nínú owó tó bá ti wọ akáǹtì ẹ. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ẹni tí ò ní CAC gan-an ni wọ́n ń wá. Ìyá tó ń ta gààrí á wá dá sí i pé òun ò mọ èyí tó kan òun nínú gbogbo ẹ̀, òun ṣáà mọ̀ pé òun ti gba tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí, àbí owó orí kọ́ nìyẹn?

Kò sí èyí tó ya òmùgọ̀ nínú wọn o. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ní: CAC ń kọ orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọ́fíìsì owó orí ń gba owó lórí èrè, káńsù ń gba owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí ọjà, gbogbo wọn ni "ìjọba".

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní January tí gbogbo ẹ̀ fi dàrú báyìí?

Nǹkan mẹ́ta ló bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin owó orí tuntun ni ti àkọ́kọ́. Oṣù October 2024 ni Ààrẹ Tinubu gbé àbá òfin mẹ́rin lọ sílé aṣòfin ní Àbújá, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, màá padà síbẹ̀, Ààrẹ wá buwọ́ lù wọ́n lọ́jọ́ 26 June 2025, ọjọ́ 1 January 2026 ni wọ́n sì dá fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ FIRS tí a mọ̀, ọ́fíìsì owó orí ti ìjọba àpapọ̀, di Nigeria Revenue Service, ìyẹn NRS.

CAC náà wá kéde ní December 2025 pé ẹnikẹ́ni tó ń ṣe POS tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kó má ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá ti di ọjọ́ 1 January yẹn náà. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ o, 7 July 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un sí 5 September 2024, èèyàn ti gbàgbé ẹ̀ kó tó tún yọ lójijì.

Ìkẹta ni ₦50 tí báǹkì máa ń yọ tí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá tó ₦10,000. Ẹni tí owó wọlé fún ló ń san án tẹ́lẹ̀, láti ọjọ́ kan náà yẹn ó bọ́ sọ́rùn ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Ẹ wá wo ọmọbìnrin tó ń ṣe POS ní Ìsánlú, CAC ń lé e, báǹkì ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí i, rédíò ń pariwo owó orí tuntun, gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí bí kò ṣe ní rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Tí mo bá forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ṣé mo ti kó sí owó orí nìyẹn?

Rárá. Èrè ló ń fa owó orí, kì í ṣe sátífíkéètì. Ẹni tó ń jèrè tí kò ní CAC wà lábẹ́ òfin owó orí, ẹni tó ní CAC tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì mú nǹkan kan wá kò ní èrè tí wọ́n máa bù nínú ẹ̀.

Ohun tí CAC ń ṣe ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ báyìí, ẹni báyìí ló ni ín. Òfin tó ń darí wọn ni CAMA 2020, oríṣi méjì ló sì kan oníṣòwò kékeré. Orúkọ iṣẹ́ lásán, tí wọ́n ń pè ní business name, ni ọ̀pọ̀ ń ṣe: ìwọ àti iṣẹ́ ẹ, ẹnì kan náà ni yín lójú òfin, tí iṣẹ́ bá jẹ gbèsè, ìwọ lo jẹ gbèsè. Kọ́ńpìnì ni ìkejì, èyí tó máa ń gbẹ̀yìn pẹ̀lú Limited, òun dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni ọ̀tọ̀, ó lè jẹ gbèsè tìẹ, ó lè ní ilẹ̀ tìẹ, látìgbà òfin 2020 yìí sì ni ẹnì kan ṣoṣo ti lè dá a sílẹ̀ láì wá èèyàn kún un. Ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó orí tó kù dúró lé.

Nǹkan kan wà tí àwọn ajẹ́ǹtì kì í sábà sọ fún èèyàn: tó bá jẹ́ orúkọ ara ẹ gan-an lo fi ń tajà, orúkọ bàbá ẹ àti orúkọ tìẹ láìfi nǹkan kan kún un, òfin ò fi dandan mú ẹ láti forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tóo bá sọ ọ́ di "God's Favour Ventures" tàbí "Ọmọ Ọ̀kun Fabrics" ni ó di dandan, ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fún ẹ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, kò sí ìdí láti wọkọ̀ lọ Lọ́kọ́ja torí ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò bóyá ẹlòmíì ti gbà á, tí wọ́n bá fọwọ́ sí i wọ́n á tọ́jú ẹ̀ fún ẹ fún ọjọ́ 60, nínú àkókò yẹn lo máa parí ìyókù, NIN, fọ́tò, àdírẹ́sì, ìbuwọ́lùwé. Owó tí CAC ń gbà wà lórí pọ́táàlì wọn fún gbogbo ayé láti rí, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó béèrè iye tí ọmọ kàfé fẹ́ gbà, torí owó iṣẹ́ tiẹ̀ ló lé lórí ẹ̀ yẹn o.

Èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ ni pé lẹ́yìn tí sátífíkéètì bá jáde wọ́n á fi há ògiri, ó parí. Kò parí. Ọdọọdún, kó tó di 30 June, ẹni tó ní orúkọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi annual return ránṣẹ́ sí CAC, ọdún tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni kò kàn án. Kì í ṣe owó orí nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ fún CAC pé "mo ṣì wà láyé" ni. Orúkọ ẹ̀ á wá jọ ti tax return, ìyẹn ìṣirò ọdún tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí, èèyàn á ní òun ti san return, òun ò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀, ìjọba tó sì san an fún kọ́ ló ń béèrè.

Ta ni mo ń san fún, Àbújá àbí Lọ́kọ́ja?

Ó wà lọ́wọ́ oríṣi tóo jẹ́. Orúkọ iṣẹ́ lásán tàbí ẹni tí kò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ rárá, owó orí ara ẹ lo ń san, ìpínlẹ̀ tóo ń gbé ló sì ń gbà á, fún àwa ìyẹn Kogi State Internal Revenue Service, tí olú ọ́fíìsì wọn wà ní Lọ́kọ́ja. Kọ́ńpìnì ní tiẹ̀, NRS ti ìjọba àpapọ̀ ló ni ín.

Ẹ wo Ọ̀bàjànà. Owó orí lórí èrè ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn, ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ bá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ tó ń gbé Kabba tàbí Lọ́kọ́ja, Kogi ló ni ín. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìlú bàbá ẹ̀, torí náà ọmọ Ìyàmọyè tó ń tajà ní Ọ̀ṣòdì, Èkó ló máa san fún, kódà bó bá ń wálé lóṣooṣù.

₦100 mílíọ̀nù tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ṣé tèmi náà ni?

Ibí ni àdàlù ti pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí tí Taiwo Oyedele ṣe alága ẹ̀ ti sọ ọ́ káàkiri pé kọ́ńpìnì kékeré tí ọjà tó tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí ilé, ilẹ̀, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ní kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, 0% ni owó orí tó máa san lórí èrè, kò sì ní san levy ìdàgbàsókè 4% tí wọ́n gbé lé àwọn kọ́ńpìnì ńlá. *Kọ́ńpìnì* ni o. Òfin sì yọ àwọn tó ń fi ìmọ̀ iṣẹ́ wọn ṣòwò bíi lọ́yà àti akáúǹtáǹtì kúrò nínú ẹ̀, wọn kì í ṣe kọ́ńpìnì kékeré bó ti wù kí ọjà wọn kéré tó.

Ìyá tó ń tajà lórúkọ ara ẹ̀ kì í ṣe kọ́ńpìnì, nọ́ńbà tó kan òun ni ₦800,000. Tí ohun tó kù sí i lọ́wọ́ lọ́dún lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́ kò bá ju ₦800,000 lọ, kò ní san nǹkan kan. Tó bá jù ú lọ, orí èyí tó lé ni wọ́n ti ń ṣírò, ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e ní 15%, ₦9 mílíọ̀nù lẹ́yìn ìyẹn ní 18%, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 25%.

Ká ní aláṣọ òkè kan ní Ògìdì rí èrè ₦1,500,000 lọ́dún kan, lẹ́yìn tó ti yọ owó òwú, owó àwọn tó ń bá a hun, owó ọkọ̀. Ilé tó ń gbé, ó ń san ₦200,000 lọ́dún. Òfin ní kó yọ ìdá 20% owó ilé yẹn kúrò (kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ), ìyẹn ₦40,000. Ó ku ₦1,460,000. Yọ ₦800,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ó ku ₦660,000, 15% ẹ̀ jẹ́ ₦99,000. Owó orí ẹ̀ fún ọdún yẹn nìyẹn.

Ká wá mú ọmọ POS wa ti Ìsánlú. Owó tó gba akáǹtì ẹ̀ kọjá lọ́dún lè tó ₦30 mílíọ̀nù, tó bá wo ìwé báǹkì ẹ̀rù á bà á. Ṣùgbọ́n owó oníbàárà ni, kì í ṣe tiẹ̀. Ká ní kọmíṣàn tó jẹ lórí ẹ̀ jẹ́ ₦900,000, ó sì ná ₦250,000 sórí ṣọ́ọ̀bù, dátà, pépà àti ọkọ̀, ₦650,000 ló kù, kò tó ₦800,000, òfo ni owó orí ẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn o! Ẹni tí kò ní ìwé kankan, òfin fún ọ́fíìsì owó orí láyè láti fojú díwọ̀n iye tó yẹ kó san, ojú àwọn àti ojú tìẹ sì lè má ríran bákan náà. Ìwé àkọsílẹ̀ oní ₦500 lè gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà yìí, ohun tó wọlé lápá kan, ohun tó jáde lápá kejì, lójoojúmọ́.

VAT, owó orí tí wọ́n ń fi lé iye ọjà tí èèyàn rà ńkọ́? 7.5% ló ṣì wà. Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé 15% nínú àbá àkọ́kọ́, kò kọjá. Oníṣòwò kékeré kò ní láti máa gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, oúnjẹ bíi ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí kò sì ní VAT lórí rárá.

Ṣé wọ́n máa yọ owó nínú akáǹtì mi?

Owó tó jókòó sí akáǹtì kì í ṣe èrè, kò sí ibi tí òfin ti ní kí báǹkì máa gé 25% nínú ẹ̀. 25% wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí owó tó ń wọlé fún ẹnì kan tó bá kọjá ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún ló wà, ó jọ pé àtibẹ̀ ni ẹnì kan ti já nọ́ńbà yẹn gbé sá lọ sórí WhatsApp. Àwọn tó ní kí èèyàn máa kọ "gift" sí gbogbo owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, iṣẹ́ lásán ni wọ́n ń ṣe, torí ohun tí owó jẹ́ gan-an ni wọ́n ń wò.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì wà tí àwọn tó ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀ kì í fi kún un. Tí gbèsè owó orí bá ti fìdí múlẹ̀, wọ́n ti ṣírò ẹ̀, wọ́n ti fìwé ránṣẹ́, ọjọ́ àtakò ti kọjá, ọ́fíìsì owó orí lágbára láti kọ̀wé sí báǹkì pé kó san án nínú akáǹtì onígbèsè. Agbára yìí ti wà nínú òfin àtijọ́ pàápàá. Báǹkì sì máa ń béèrè Tax ID, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, báyìí, fún ènìyàn lásán NIN yín náà ni, fún kọ́ńpìnì nọ́ńbà CAC ẹ̀ ni, kò sí káàdì kankan tí ẹnikẹ́ni ní láti rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà ńkọ́, ṣé owó orí náà nìyẹn?

Kì í ṣe òun. Orúkọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló kọ́kọ́ ń tan èèyàn, owó *orí*, bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá ṣáà ní orí lọ́rùn ló máa san iye kan náà. Bó ṣe rí láyé òyìnbó nìyẹn. Kó tó tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, àwọn bàbá wa ti sanwó fún Bídà láyé Núpé títí di 1897, torí náà kò yani lẹ́nu pé ara máa ń ta èèyàn wa sí ọ̀rọ̀ agbowó.

Òfin kan wà láti 1998 tó pín àwọn owó tí ìjọba ń gbà síta, èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti káńsù. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, owó ọjà, owó gáréèjì, owó pátákó ìpolówó, owó ilé ìpẹran, ti káńsù nìwọ̀nyí. Ìforúkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni, ohun tí òfin yẹn kọ ni pé kò gbọ́dọ̀ ju ₦10,000 lọ ní ìlú ńlá, kí àtúnṣe ẹ̀ lọ́dọọdún sì jẹ́ ₦5,000. Ní ìgbèríko, ₦2,000 àti ₦1,000. Òfin yẹn náà ló kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà láti gba owó orí tàbí lẹ́fì. Àwọn tó ń kó kajú jáde láti Yàgbà mọ ohun tí mò ń sọ, tí àsìkò kajú bá dé okùn àti igi á bẹ̀rẹ̀ sí í dábùú títì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà kò lè dípò owó orí. Ṣùgbọ́n ìnáwó iṣẹ́ ni, èèyàn lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè kó tó ṣírò, tí rìsíìtì bá wà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi rìsíìtì yẹn pọ́n ẹ̀pà.

Kí ló dé tí àwọn kan fi kọ òfin tuntun yìí?

Ìjà àkọ́kọ́, ti àwọn gómìnà ni. Ní October 2024 àwọn gómìnà àríwá, tí Kogi wa náà wà láàárín wọn, ṣèpàdé ní Kaduna, wọ́n ní àwọn ò gba bí wọ́n ṣe fẹ́ pín owó VAT. Títí di ìgbà yẹn, ibi tí olú ọ́fíìsì kọ́ńpìnì wà ló máa ń gba orúkọ VAT ẹ̀, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ wà. Wọ́n parí ẹ̀ ní January 2025: 50% lọ́gbọọgba, 20% lórí iye èèyàn, 30% lórí ibi tí wọ́n ti ra ọjà náà lò. Ìyẹn ni pé fóònù tí wọ́n rà ní Kabba, orúkọ Kogi ló yẹ kí VAT ẹ̀ wà.

Ìjà kejì dé ní December 2025. Aṣòfin Abdussamad Dasuki láti Sókótó dìde nílé aṣojú pé ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì kò bá ohun tí àwọn dìbò fún mu. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ní kí wọ́n dá iṣẹ́ òfin náà dúró ká fi wádìí, ilé aṣòfin ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ìjọba ní 1 January kò ní yẹ̀.

Ti àwọn oníṣòwò yàtọ̀ sí méjèèjì. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ àwọn ni, kànga àwọn ni, ọ̀nà tó bàjẹ́ ló ń jẹ táyà àwọn, kí ni owó orí fẹ́ ṣe? Àwọn tó wà lẹ́yìn òfin náà dáhùn pé ẹni tó ń rówó díẹ̀ ni àtúnṣe yìí tú sílẹ̀ jù, pé tẹ́lẹ̀ ẹni tó ń gba owó kékeré pàápàá ń san.

Tí mi ò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́?

Ẹni tó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ fún owó orí tí kò ṣe é, ìtanràn ₦50,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́, ₦25,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò fi ìṣirò ọdún ránṣẹ́, ₦100,000 ní oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìtanràn kejì yìí kò béèrè bóyá èèyàn jẹ gbèsè: ọmọ POS tí tiẹ̀ jẹ́ òfo náà ní láti kọ òfo yẹn sínú fọ́ọ̀mù, kó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. 31 March ni ọjọ́ ìkẹyìn fún ènìyàn lásán lọ́dọọdún. Owó tẹ́ẹ rí ní 2025, òfin àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Ti 2026 ló bọ́ sábẹ́ òfin tuntun, 31 March 2027 ló sì gbẹ̀yìn fún un. Kọ́ńpìnì ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò ẹ̀ bá parí.

Tí wọ́n bá ṣírò iye tí kò tọ́ fún yín, ẹ kọ̀wé takò ó kí ọjọ́ tó lọ, kì í ṣe kí ẹ lọ jókòó sílé. Ọ̀kan nínú òfin mẹ́rin yẹn tún dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Tax Ombud, fún ẹni tí agbowó fìyà jẹ. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ni orúkọ ọ́fíìsì tó wá, ọjọ́ tó wá, àti rìsíìtì tí wọ́n já fún yín.